Kí ni páílọ́ọ̀tì ń wọ̀, kí sì ni aṣọ náà ń dènà?

Ẹni tó bá ti sin èèyàn dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà rí á ti rí páílọ́ọ̀tì tó ń fa àpótí kékeré kọjá: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú, ìlà mẹ́rin léjìká bó bá jẹ́ kápútéènì, mẹ́ta bó bá jẹ́ igbákejì rẹ̀. Bí wọ́n bá bọ́ ìlà yẹn kúrò, wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ báńkì ní Màrínà. Ẹni yìí kan náà á wá délé, á tan tẹlifíṣọ̀n, á rí páílọ́ọ̀tì ológun tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé alápò púpọ̀, tí rọ́bà gígùn ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀, tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti ìbòjú ò jẹ́ ká rí ju ojú rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, ṣebí ojú ọ̀run kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ? Bàlúù tó ń gbé èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ máa ń fò ga ju ibi tí ológun ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tí ẹnì kan fi di ara rẹ̀ bí ẹrù, tí ẹnì kejì wọ aṣọ ọ́fíìsì?

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, "aṣọ páílọ́ọ̀tì". Ọ̀kan ń dènà iná. Ọ̀kan ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà sá kúrò lórí. Ẹ̀kẹta ń tẹ ara mọ́lẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ èkejì, ti òtútù àti ti omi sì tún wà lọ́tọ̀. Páílọ́ọ̀tì tó ń gbé èrò kì í wọ ọ̀kankan nínú wọn, torí pé bàlúù fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ fún un, fún àwọn èrò náà pẹ̀lú.

Bàlúù tó di aṣọ

Ká sọ pé ooru ilẹ̀ jẹ́ 32°C ní Ìkẹjà lọ́sàn-án. Bí bàlúù bá ṣe ń gòkè, ooru yẹn á máa fi bíi 2°C dín nínú gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí ọ̀pọ̀ bàlúù ńlá ti ń fò, òtútù ìta á ti sún mọ́ 40°C sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n òtútù ò ní ráyè pààyàn níbẹ̀, torí àìtó atẹ́gùn á ti ṣe é kó tó kàn án. Ní 18,000 ẹsẹ̀ bàtà péré, agbára tí atẹ́gùn fi ń tẹ̀ wá lára ti dín sí ìdajì èyí tó wà létí òkun Èkó. Ọ́síjìn ṣì jẹ́ ìdá 21 nínú 100 atẹ́gùn náà bó ṣe wà nílẹ̀ níbí. Agbára tó ń tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni kò sí mọ́. Ní 25,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tí kò ní ìbòjú ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tí làákàyè rẹ̀ á fi ṣì wúlò. Ní 35,000, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í dunni. Inú ẹni náà lè máa dùn, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Nínú ọ̀pọ̀ bàlúù èrò, ẹ́ńjìnnì ló ń fún atẹ́gùn wọ inú, tí ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ á fi máa rò pé 8,000 ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn wà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún mú atẹ́gùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Boeing 307 ló kọ́kọ́ fi irú ètò yìí gbé èrò, ní 1940. Láti ìgbà yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì páílọ́ọ̀tì ò ní nǹkan kan í dènà mọ́. Yunifọ́ọ̀mù lásán ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Pan American mú lára aṣọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi láyé àwọn bàlúù tó ń gúnlẹ̀ sórí omi.

Bí aṣọ ńlá yẹn bá wá ya ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1990, fèrèsé iwájú bàlúù British Airways 5390 fò yọ ní nǹkan bí 17,300 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́ọ̀tì 90 de fèrèsé náà ni, 84 nínú wọn sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Atẹ́gùn fa kápútéènì Tim Lancaster jáde láti ìbàdí sókè. Ó ti tú bẹ́líìtì èjìká rẹ̀, ó sì ti dẹ ti ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàlúù ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí igbákejì rẹ̀ fi gúnlẹ̀ ní Southampton. Ó yè é, pẹ̀lú egungun tó ṣẹ́ àti ara tí òtútù jẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 2018, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí bàlúù Sichuan Airlines ní Ṣáínà, ní nǹkan bí 32,000 ẹsẹ̀ bàtà. Afẹ́fẹ́ fa igbákejì páílọ́ọ̀tì sójú fèrèsé, bẹ́líìtì rẹ̀ ló dá a padà. Kápútéènì Liu Chuanjian, nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, gbé e balẹ̀ ní Chengdu.

Ẹ wò ó dáadáa: nínú ìtàn méjèèjì, bẹ́líìtì ló ya ẹni tó jáde sọ́tọ̀ sí ẹni tó dúró. Ohun kejì tó ṣe pàtàkì fún páílọ́ọ̀tì èrò ni ìbòjú ọ́síjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Wọ́n ṣe é kó lè fi ọwọ́ kan fà á yọ, kó sì ti wà lójú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Irùngbọ̀n ni ọ̀tá rẹ̀. Irun ò jẹ́ kí etí ìbòjú náà lẹ̀ mọ́ awọ ojú, ọ́síjìn á máa jò jáde, èéfín á máa wọlé. Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ń ní kí páílọ́ọ̀tì wọn fá irùngbọ̀n nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni.

Òtútù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sí òrùlé lórí páílọ́ọ̀tì. Kóòtù awọ, bàtà onírun àgùntàn tó ga dé itan, àti ọ̀rá tí wọ́n ń fi pa ojú ni wọ́n fi ń bá afẹ́fẹ́ jà. Ní òtútù ọdún 1916, páílọ́ọ̀tì ọmọ Ọsirélíà kan, Sidney Cotton, ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nígbà tí wọ́n pè é kó gbéra lójijì. Aṣọ iṣẹ́ tí epo àti gíríìsì ti rin gbingbin ló wọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ gidi, òun ò sì mọ nǹkan kan. Gíríìsì ló dí ojú aṣọ náà tí afẹ́fẹ́ ò fi rí ibi wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti ṣe aṣọ Sidcot ní 1917: irun nínú, sílíìkì tí atẹ́gùn ò lè là kọjá láàárín, aṣọ híhun tó le lóde, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan láti ọrùn dé kókósẹ̀. Irun máa ń di atẹ́gùn gbígbóná mú, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ìta bá lè wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà kọjá lórí Third Mainland Bridge láàárọ̀ kùtùkùtù rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì rọ́bà.

Nígbà Ogun Kejì, àwọn bàlúù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà ń gòkè kọjá 25,000 ẹsẹ̀ bàtà pẹ̀lú fèrèsé ìbọn tó ṣí sílẹ̀. Irun àgùntàn ò tó mọ́, wọ́n wá hun wáyà iná mọ́ aṣọ. Àṣìṣe àwọn tó kọ́kọ́ jáde ni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú gbogbo wáyà náà. Bí wáyà bá já nínú ìbọ̀wọ́, aṣọ tutù láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e pín ọ̀nà iná, tí ibi kan bá kú, ibi yòókù á ṣì máa gbóná. Òógùn náà ṣe tiẹ̀: ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn nílẹ̀ tó sì làágùn, omi ara rẹ̀ ló máa tutù mọ́ ọn lára lókè.

Níbi tí atẹ́gùn ti tán

Bí wọ́n bá fún èèyàn ní ọ́síjìn pátápátá, ó lè dé nǹkan bí 40,000 ẹsẹ̀ bàtà. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn tó wà nínú ìbòjú ò ní agbára tó láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi ipá tì í wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní nǹkan bí 63,000 ẹsẹ̀ bàtà, omi tó wà ní ooru ara èèyàn, 37°C, á bẹ̀rẹ̀ sí hó, bẹ̀rẹ̀ látorí itọ́ ẹnu. Ibẹ̀ ni aṣọ tó ń tẹ ara gbọ́dọ̀ wà.

Wiley Post, páílọ́ọ̀tì olójú kan ará Amẹ́ríkà, ló mú un ṣiṣẹ́ ní 1934, òun àti Russell Colley ti ilé-iṣẹ́ rọ́bà B.F. Goodrich. Aṣọ àkọ́kọ́ ya níbi ìdánwò. Èkejì há mọ́ ọn lára débi pé gígé ni wọ́n gé e kúrò. Ẹ̀kẹta ṣiṣẹ́, torí pé wọ́n rán an sí ìrísí ẹni tó jókòó. Ọgbọ́n ibẹ̀ ò tíì kúrò nínú iṣẹ́ yìí dòní: aṣọ tí wọ́n bá fún atẹ́gùn sí máa ń le bíi táyà, ó sì máa ń fẹ́ na ara rẹ̀ gbọọrọ. Bí wọ́n bá rán an sí ìrísí ẹni tó dúró, páílọ́ọ̀tì ò ní lè tẹ orúnkún rẹ̀ tàbí mú ọwọ́ dé bọ́tìnnì.

Torí líle yìí ni wọ́n ṣe irú kejì, tí kì í fún gbogbo ara ní atẹ́gùn. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀ kọjá. Bí ọ̀pá náà bá wú, ó ń fa aṣọ pọ̀ mọ́ awọ ara. Ní oṣù kẹjọ 1949, atẹ́gùn sá kúrò nínú bàlúù ìdánwò X-1 tí Frank Everest ń wà ní nǹkan bí 69,000 ẹsẹ̀ bàtà. Irú aṣọ yìí wú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ibi tó máa ń dà wọ́n ni ibi tí nǹkan bá ti pàdé: ọrùn, ọwọ́, ibi tí ìbọ̀wọ́ ti wọ apá aṣọ. Nígbà tí Joseph Kittinger ń gòkè nínú bàlúù onígáàsì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1960 láti fi páráṣúùtì fò láti 102,800 ẹsẹ̀ bàtà, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò gba atẹ́gùn. Ọwọ́ náà wú di ìlọ́po méjì. Ó panu mọ́ kí wọ́n má baà dá iṣẹ́ náà dúró, ó fò, ọwọ́ náà sì padà sípò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ G

Aṣọ G, èyí tó ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀, ni àwọn èèyàn ń ṣì mú jù. Wọ́n rò pé ti gíga ni. Kò kan gíga rárá. Páílọ́ọ̀tì lè nílò rẹ̀ ní 500 ẹsẹ̀ bàtà lókè ọ̀sà.

Bí bàlúù ogun bá yí kọ́nà gbígbóná, ara èèyàn á wúwo sí i. G kan ni ìwọ̀n tí a ní báa ṣe jókòó yìí. Ní G mẹ́sàn-án, ẹni tó jẹ́ 80 kílò di 720. Ẹ̀jẹ̀ náà wúwo bẹ́ẹ̀, ọkàn sì gbọ́dọ̀ tì í gòkè nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà kó tó dé ọpọlọ. Ẹ mú nọ́ńbà òkè tí dókítà máa ń kà nígbà tó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, 120. Ní G kan, ìrìn yẹn ń gba bíi 22 nínú rẹ̀. Ní G márùn-ún ó ti gba 110. Kò sí ohun tó kù fún ọpọlọ. Ojú ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: àwọ̀ á ṣá, etí ìran á máa há wọlé, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ni páílọ́ọ̀tì á dákú. Dídákú náà lè tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tó máa ń tẹ̀ lé e á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàlúù tó ń sáré ò ní dúró dè é.

Wilbur Franks, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Toronto, Kánádà, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà rẹ̀. Ó rí i pé eku tí wọ́n fi sínú omi, tí orí rẹ̀ nìkan wà lóde, lè fara da ohun tó kọjá 100 G, torí omi tó yí i ká náà ń wúwo sí i, ó sì ń ti ara rẹ̀ padà. Aṣọ tó ṣe kún fún omi. Àwọn páílọ́ọ̀tì ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jà ní oṣù kọkànlá 1942 nítòsí Àríwá Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń gbóná, ni wọ́n bá fi atẹ́gùn rọ́pò omi.

Ti òde òní ò ṣòro láti lóye fún ẹni tí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí nílé ìwòsàn: àpò rọ́bà márùn-ún bíi irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ni lápá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní ikùn, méjì ní itan, méjì ní ojúgun. Bí G bá ti kọjá nǹkan bí 1.5 tàbí 2, fáàfù inú bàlúù á ṣí, atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì á gba inú rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí wọlé, àwọn àpò á fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí àyè kó jọ sísàlẹ̀.

Aṣọ náà nìkan kì í fi ju G kan tàbí kan àbọ̀ kún agbára èèyàn. Páílọ́ọ̀tì bàlúù ogun JF-17, irú èyí tí Ọmọ-ogun Òfurufú Nàìjíríà gbà ní 2021, ló ń fi ara rẹ̀ ṣe èyí tó kù. Kí G tó dé, á ti di iṣan itan, ìdí àti ikùn le, á fa èémí sínú, á sé e mọ́, á sì pààrọ̀ rẹ̀ wéré lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Bó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ná.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kì í sábà jẹ́ nǹkan ńlá. Rọ́bà ìbàdí tí wọn ò kì bọlé dáadáa. Síìpù itan tí páílọ́ọ̀tì ṣí nílẹ̀ kí ara lè tù ú, tó gbàgbé láti pa padà. Okùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fà sí ìwọ̀n ara ọdún tó kọjá, tí ẹni náà ti wá rù. Aṣọ tó bá dẹ̀ á fi atẹ́gùn rẹ̀ kún àlàfo tó wà nínú rẹ̀ kó tó kan ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹ fi òùngbẹ kún un: ẹni tó ti làágùn lórí kọnkéré fún ìdajì wákàtí láìmu omi, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín, G tí kò bá bà á lẹ́rù lánàá á mú un lónìí.

Iná, àti aṣọ ewé tí wọ́n ń tà ní Katangowa

Aṣọ ẹyọ kan aláwọ̀ ewé tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ páílọ́ọ̀tì, iná ló wà fún. Nígbà Ogun Kejì, ọwọ́ àti ojú ló ń jóná jù lára páílọ́ọ̀tì, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kí ara lè rọ̀ wọ́n. Dókítà Archibald McIndoe ní East Grinstead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún ojú àti ọwọ́ wọn ṣe, àwọn tó tọ́jú náà sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1941. Nomex, fọ́nrán ilé-iṣẹ́ DuPont tó dé ọjà ní 1967, ló yí iṣẹ́ yìí padà. Kì í yọ́. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 370°C, á dúdú, á sì ki sí i. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀, òun náà á kú. Ara fọ́nrán rẹ̀ ni agbára yẹn ti wá, fífọ̀ ò lè fọ̀ ọ́ lọ. Síbẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń rà fúnni, kó o fi sá jáde ni.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ́ di asán. Náílọ́ọ̀nù àti pólísítà ń yọ́ láàárín nǹkan bí 220 sí 260°C. Ooru á gba inú Nomex kọjá kí Nomex tó bàjẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì pólísítà á sì yọ́ mọ́ awọ ara bí ọ̀dà. Òwú tàbí irun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́, láti pátá dé ìbọ̀sẹ̀. Kí aṣọ òde fẹ̀ díẹ̀, torí atẹ́gùn tó wà láàárín ló ń fa ooru sẹ́yìn. Kí apá aṣọ wà nílẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kí awọ ara má yọ láàárín rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Kí bàtà jẹ́ awọ. Bó bá kan fífọ̀, ẹ bá alágbàfọ̀ yín sọ̀rọ̀ gidigidi, torí ará Èkó fẹ́ràn ṣítáàṣì: ṣítáàṣì ń jó, ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ ń jó, epo tó bá dà sí i náà ń jó, bílíìsì sì ń jẹ fọ́nrán rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra òkirika ní Katangowa tàbí Yaba fún iṣẹ́ wẹ́dà tàbí jẹnẹrétọ̀, àwọ̀ ewé àti àpò púpọ̀ kọ́ ni kí ó wò. Kó ka lébẹ́ẹ̀lì inú ọrùn. "Aramid", ìyẹn ìdílé fọ́nrán tí Nomex wà, tàbí "Nomex" ló ń wá. Bí ó bá rí "65% polyester", aṣọ oge ni. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ya, kó fa òwú kan ṣoṣo yọ ní ìṣẹ́tí, kó fi irin dì í mú, kó fi láítà kàn án níbi tí kò sí epo. Nomex á dúdú, á sì kú tí iná bá kúrò. Pólísítà á súnkì, á di kóró líle. Òwú lásán á máa jó lọ, á rùn bíi bébà, á di eérú.

Omi

Àwọn hẹlikọ́pítà tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo láti Ìkẹjà lọ sórí òkun ò fi aṣọ rọ́bà tó bo gbogbo ara wọ èrò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dandan ni ní òkun Àríwá Yúróòpù. Omi ibẹ̀ lè mú èèyàn mí lójijì kó sì fa omi símú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Omi tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn Ìkẹjà á ti dá ẹni náà kú kí wọ́n tó gbéra. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó ti dorí kodò sínú omi.

Peter Markus ará Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó ń wú ní 1928. Gáàsì kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì inú kátírììjì kékeré ló ń kún un bí wọ́n bá fa okùn. Nígbà tí bàlúù Ethiopian Airlines 961 já sómi nítòsí Comoros ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 1996, èèyàn 125 kú nínú 175. Àwọn kan lára wọn ti fa okùn yẹn kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí omi wọlé, jákẹ́ẹ̀tì gbé wọn lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé, ilẹ̀kùn sì wà nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ti wú ò lè rì wálẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ẹ mọ ibi tí okùn wà, ẹ má sì fà á títí ẹsẹ̀ kan yóò fi ti kọjá ẹnu ilẹ̀kùn.